Àmàlà wọn ò lẹ́gbẹ́, àmọ́ ẹnu mi kọ́ ni wọ́n rà: sítà mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti oúnjẹ, torí oúnjẹ ló gbé mi débẹ̀. Bùká kan ni l'Áílándì Èkó níbí, nítòsí Ìgbóṣẹ̀rẹ̀, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí mo ti ń jẹun níbẹ̀, ọ́fíìsì lọ́yà tí mo ti ń táìpù ò jìnnà sí i rárá, bí mo bá yára rìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí èmi àti Màmá tó ni ín ti jọ parí ọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ lágbègbè yẹn á ti mọ̀ ọ́n, ìlà tó máa ń wà níwájú ẹ̀ láago kan ọ̀sán kì í ṣe kékeré.

Màmá fúnra wọn ló ń ro àmàlà yẹn. Wọ́n á fi irin méjì há ìkòkò, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ irin yẹn mọ́lẹ̀ kí ìkòkò má bàa yí, wọ́n á wá máa fi omorógùn rò ó, wọ́n á rò ó títí òógùn á fi máa kán láti etí wọn sára gèlè tí wọ́n so mọ́ ọrùn. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ní kókó. Dúdú mìnìmìnì, ó kúnná, ó gbóná. Ewédú wọn, ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń ja á, wọn kì í gbé e sí bílẹ́ńdà, bí o bá fi òkèlè fà á á tẹ̀ lé ọwọ́ ẹ débi ẹnu. Ẹran ògúnfe wọn ló wọ́n díẹ̀, àmọ́ ó rọ̀, ṣàkì wọn sì mọ́. Pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀ wàá yó, wàá tún mu omi tútù lé e. Ká ní oúnjẹ nìkan ni, sítà márùn-ún ni mo máa fún wọn láìronú.

Bí o bá wọlé, wàá rí páálí funfun kan lára ògiri lókè fíríìjì, wọ́n fi máká pupa kọ ọ́: ẸNI TÓ BÁ WÁ JẸUN KÓ JẸUN. A Ò ṢE ÒṢÈLÚ NÍBÍ. A Ò ṢE ÀRÍYÀNJIYÀN Ẹ̀SÌN. Ohun tó gbé páálí yẹn wá ṣojú mi. Ìgbà ìbò Ààrẹ 2023 ni, ẹ rántí pé l'Éko níbí ìbò Peter Obi ló fi díẹ̀ ju ti Tinubu lọ, ọ̀rọ̀ wá gbóná níbi gbogbo, nínú dáńfó, ní báńkì, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn bọ̀dá méjì tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà tí wọ́n ti jọ ń jẹun níbẹ̀ kí n tó mọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìjà sáàárín wọn, ọ̀kan sọ pé kí àwọn kan máa lọ sí ìlú wọn, èkejì fi ọwọ́ lu tábìlì, àwo ọbẹ̀ ata fò, ó dà sí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ. Mo ṣì ń gbọ́ igbe ọmọ yẹn. Màmá ò bú ẹnikẹ́ni, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì dìde, wọn ò gba owó lọ́wọ́ wọn, nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì páálí ti wà lókè.

Ọ̀kan nínú àwọn bọ̀dá yẹn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó rí páálí, ó bínú, ó ní kò sẹ́ni tó lè pa òun lẹ́nu mọ́, kọnsitíṣọ̀n ló fún òun lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ó wá yíjú sí mi pé èmi tí mò ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́ kí n sọ fún Màmá. Mo mọ ohun tó ń sọ, abala 39 nínú kọnsitíṣọ̀n 1999 ni, mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹjọ́ débi pé ìka mi lè tẹ̀ ẹ́ láìwo kíbọ́ọ̀dù: olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tiẹ̀, kó gba èrò ẹlòmíì àti ìròyìn, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì láìsí ìdíwọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ mo dá a lóhùn pé, bọ̀dá, ẹ dákun, kò síbi tí abala yẹn ti ní kí Màmá fi bẹ́ǹṣì wọn, iná wọn àti orùlé wọn sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ṣe pèpéle ìpolongo. Àwọn ló ń sanwó ilé, àwọn ni ọbẹ̀ ata máa dà sí lára. Bí wọ́n bá ní ká má fọn fèrè níbẹ̀, a ò ní fọn fèrè.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa ni fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn níta, bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ẹnu ọ̀nà bùká, lábẹ́ igi fúrúùtù. Àwọn tá à ń pè ní free readers l'Éko, wọ́n máa ń kún ibẹ̀, wọn kì í ra ìwé, wọ́n kàn máa ń bẹ̀rẹ̀ wo ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n á wá máa jiyàn. Ẹni tó ti di ẹnu mú nínú bùká láti ìgbà tó ti ń jẹ àmàlà, á nu ọwọ́, á jáde, tó bá ti débẹ̀ á wá tú u síta. Ariwo yẹn máa ń dé etí Màmá nídìí ìkòkò, wọn kì í bá wọn wí. Wọ́n sọ fún mi nígbà kan pé, "Ìyẹn ti kúrò nínú ilé mi, ojú títì nìyẹn."

Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì sọ fún mi pé Amẹ́ríkà tí gbogbo èèyàn ń fi ṣe àpẹẹrẹ, ibẹ̀ pàápàá, òfin òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ wọn tó ti wà láti 1791, ọwọ́ ìjọba ló ń dì, kì í ṣe ọwọ́ onílé. Ní 1972, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ń pín ìwé tako ogun Vietnam nínú ilé ìtajà ńlá kan ní Portland, wọ́n dá ilé ìtajà yẹn láre pé ó lè ní kí wọ́n jáde. Lọ́dún 1980 ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé kan tó ń gba ìbuwọ́lùwé nínú mọ́ọ̀lù kan ní California, òfin ìpínlẹ̀ tiwọn ló gbè wọ́n, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yẹn sì ní ìpínlẹ̀ lágbára láti fún aráàlú ní ààyè tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà kì í ṣe pé onílé lè ṣe gbogbo ohun tó bá wù ú láéláé. Àmọ́ bùká tó ní bẹ́ǹṣì mẹ́fà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi Màmá sílẹ̀.

Ibi tí wàhálà tèmi ti wá nìyí. Ọ̀sán Túsìdeè kan, oòrùn mú, mo ra àmàlà mẹ́ta pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, mo fi òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, gbẹ̀gìrì ti kan. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kan o, ó ti kan, ó ń hó wuruwuru létí àwo, òórùn ẹ̀ ti yí padà. Mo gbé e lọ bá ọmọ tó bù ú, mo ní àǹtí, ẹ wò ó, èyí ti kan. Ó pòṣé, ó ní àwọn yòókù ń jẹ ẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo fi ọbẹ̀ ata nìkan jẹ àmàlà àti ẹran, mo sanwó pé, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Nírọ̀lẹ́ mo ṣí áàpù máàpù tí gbogbo èèyàn fi ń wá ilé oúnjẹ, mo gbé fọ́tò tí mo yà sí i, mo kọ ọ́ báyìí: "Gbẹ̀gìrì ti kan lónìí. Mo sọ fún ẹni tó bù ú, ó pòṣé. Àmàlà dára bó ṣe máa ń dára. Sítà méjì." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò bú ìyá ẹnikẹ́ni, mi ò sọ pé wọ́n dọ̀tí, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ.

Láago mẹ́sàn-án alẹ́ fóònù mi dún. Ọmọ Màmá ni, ẹni tó ń ṣe mánéjà, nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ ẹ̀ torí mo máa ń fi WhatsApp ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá sí ọ́fíìsì. Kò kí mi. Ó ní, "Ìwọ lò ń ba ọjà wa jẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Yọ ọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Bí o ò bá yọ ọ́, ọlọ́pàá á wá gbé ẹ níbi iṣẹ́ ẹ, cyberstalking lo ṣe yẹn, o máa ṣàlàyé ara ẹ ní tẹ́ṣàn." Ó sì pa fóònù.

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ òfin ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, ẹ̀rù ṣì bà mí, torí pé gbogbo wa l'Éko la rántí obìnrin oníṣòwò tó kọ ọ́ sí Facebook ní September 2023 pé tòmátò inú agolo kan tóun rà ti ní ṣúgà jù. Ọlọ́pàá lọ mú un, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án, lórí tòmátò! Òfin tí wọ́n máa ń fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni Cybercrimes Act ti 2015, òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, abala 24 tó sọ nípa cyberstalking, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn tí o bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ irọ́ ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà láti fi bí ẹlòmíì nínú tàbí láti fi ni ín lára, wọ́n lè bu mílíọ̀nù méje náírà fún ẹ tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kí wọ́n fún ẹ ní méjèèjì. Ta ló fẹ́ mọ ìgbà tí inú máa bí ẹlòmíì? Kóòtù ECOWAS, ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti sọ ní July 2020 pé abala yẹn ò bá ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ mu, pé kí Nàìjíríà tún un ṣe, ó di 2024 kí wọ́n tó tún un ṣe. Bó ṣe wà báyìí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́ tó o mọ̀ pé irọ́ ni, tó o sì fi ránṣẹ́ kí ìlú lè dàrú tàbí kó fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu. Ẹ fi gbẹ̀gìrì tó kan wé ìyẹn. Kẹ́nikẹ́ni má sì ṣì mí gbọ́, bí mo bá parọ́ mọ́ Màmá, bí mo bá ní mo rí eku nínú ìkòkò tí mi ò rí i, wọ́n lè gbé mi lọ sí kóòtù fún ìbanilórúkọjẹ́, kí wọ́n mú ẹ̀rí wá, kémi náà mú tèmi wá. Mi ò sá fún ìyẹn. Ohun tí mi ò gbà ni kí ẹni tó ní ìkòkò máa fi ọlọ́pàá dẹ́rù ba ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò.

Mi ò yọ ọ́. Àmọ́ nígbà tó máa fi di àárọ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Áàpù yẹn fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi pé rífíù mi rú òfin àwọn, wọn ò sọ òfin wo. Mo gbà pé ọmọ yẹn àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló lọ fẹjọ́ mi sùn. Mo jókòó, mo ń wo fóònù.

Lọ́sàn-án yẹn ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi lọ sí bùká, mo ra búrẹ́dì àti àkàrà, mo gba Broad Street lọ sí Freedom Park. Ẹ mọ̀ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ látijọ́, ti Broad Street tí àwọn òyìnbó kọ́, ó di 2010 kí wọ́n tó ṣí i gẹ́gẹ́ bí ibi ìgbafẹ́. Àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n ti di ìsọ̀ kéékèèké tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Herbert Macaulay wà lára àwọn tó ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, ní 1928 wọ́n fún un lóṣù mẹ́fà torí ohun tí ìwé ìròyìn ẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ Ọba Èṣùgbàyí Eléko. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àtijọ́ yẹn, mo ń jẹ àkàrà, mo wá ń ronú pé ohun mẹ́ta ni mo ti bá pàdé lórí ọ̀rọ̀ bùká yìí, gbogbo wọn dà bíi pé wọ́n pa mí lẹ́nu mọ́, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Páálí Màmá, ilé wọn ni, mo fara mọ́ ọn. Ìhàlẹ̀ ọlọ́pàá, ìyẹn ni wọ́n fi kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tí mo jókòó sí yẹn, mi ò fara mọ́ ọn láé. Ti áàpù ló mú mi ronú jù. Ilé onílé lòun náà, àbí? Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní June 2021, Twitter, tó ń jẹ́ X báyìí, yọ ọ̀rọ̀ tí Buhari tó jẹ́ Ààrẹ nígbà yẹn fúnra ẹ̀ kọ, wọ́n ní ó rú òfin àwọn. Bóyá ẹ fara mọ́ ọn tàbí ẹ ò fara mọ́ ọn, onílé ló sọ fún àlejò pé kó dákẹ́, Ààrẹ ṣì ní rédíò, ó ní tẹlifíṣọ̀n, ó ní gbogbo ìwé ìròyìn. Ohun tí ìjọba wá fi dá wọn lóhùn ni pé wọ́n ti Twitter pa mọ́ gbogbo wa láti 5 June títí di 13 January 2022. Oṣù méje! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Balógun, orí Twitter ni àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ láti Ìbàdàn àti Port Harcourt ti ń rí i, VPN, áàpù tó ń jẹ́ kéèyàn ráyè wọ ibi tí wọ́n tì, ló ń fi ṣòwò bí ẹni tó ń ta ọjà tí òfin kà léèwọ̀. Kóòtù ECOWAS sọ ní July 2022 pé ohun tí ìjọba ṣe yẹn ò bófin mu. Onílé ní kí àlejò kan dákẹ́, ìjọba wá di ẹnu gbogbo àdúgbò. Kò jọra rárá.

Síbẹ̀ mi ò lè sọ pé áàpù máàpù àti bùká Màmá jẹ́ ọ̀kan. Bí Màmá bá lé mi, bùká mẹ́ta ló wà láàárín ibẹ̀ àti Campos. Bí áàpù yẹn bá yọ ọ̀rọ̀ mi, níbo ni n máa gbé e lọ tí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú lọ́la á ti rí i? Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń wò. Ọ̀gá mi tún sọ ẹjọ́ kan fún mi, ti 1946, ní Alabama, ìlú kékeré kan wà tí ilé iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ló ni gbogbo ẹ̀, ilé, ṣọ́ọ̀bù, títì, gbogbo ẹ̀ pátá. Ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Grace Marsh, Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni, ń pín ìwé ẹ̀sìn níwájú pósí-ọ́fíìsì, wọ́n ní kó kúrò lórí ilẹ̀ àwọn, wọ́n mú un. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a láre. Wọ́n ní bí onílé bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún aráàlú tó nítorí èrè ara ẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àwọn aráàlú tó ń lo ibẹ̀ ṣe máa dín agbára ẹ̀ kù tó. Mo mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ò tíì fi ìyẹn de àwọn ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, òfin tiwọn sì kọ́ ló ń darí wa níbí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tó bá ti gba gbogbo ọjà mọ́ra, ó kéré tán kó sọ fún mi òfin tí mo rú. Màmá kọ tiwọn sára ògiri, pẹ̀lú máká pupa, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń kà á.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè mo gbọ́kàn le, mo lọ. Mi ò lọ síbi oúnjẹ, ẹ̀yìn ni mo gbà lọ bá Màmá nídìí iná, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Lọ́yà mi, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta, ṣé kò sí?" Mo rí i lójú wọn pé wọn ò mọ nǹkan kan. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, ti gbẹ̀gìrì, ti fóònù, ti ọlọ́pàá. Wọ́n fi omorógùn sílẹ̀.

"Ọlọ́pàá bí ti báwo?"

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, Ìyá."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ó bàjẹ́ lóòótọ́, mi ò ní bò ó. Iná ò sí fún ọjọ́ méjì, jẹnẹrétọ̀ wá kọṣẹ́, ó yẹ kí n da gbẹ̀gìrì yẹn nù, owó ẹ̀wà ni mo rò. Àmọ́ ìwọ náà, ọmọ mi, o ò rí mi ni? O ò lè wá sídìí iná bó o ṣe wá yìí kó o sọ ọ́ sí mi létí, àfi kó o lọ pariwo ẹ̀ fún gbogbo ayé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Mo ní ẹ má bínú, Ìyá, mo sọ fún àǹtí tó bù ú, ó pòṣé, àmọ́ ó yẹ kí n dé ọ̀dọ̀ yín. Bí mo ṣe wá rí i báyìí, bí mo bá tún rí irú ẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni n máa kọ́kọ́ lọ. Ìyẹn ò sì sọ ohun tí mo kọ di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó sanwó oúnjẹ lè sọ bí oúnjẹ ṣe rí lẹ́nu ẹ̀, fún ẹni tó bá bi í àti fún ẹni tí ò bi í. Màmá pe ọmọ wọn níwájú mi, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ oníbàárà àwọn mọ́ láé, ó wo ilẹ̀, ó ní ó ti gbọ́. Kò bẹ̀ mí. Títí di òní kò tíì bẹ̀ mí, ibẹ̀ ni sítà karùn-ún lọ.

Páálí tuntun ti wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́ o: Ẹ MÁ YA FỌ́TÒ NÍNÚ ṢỌ́Ọ̀BÙ. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi rí fọ́tò níbí, mo tẹ̀ lé e, ilé wọn ni. Ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ yìí, ilé mi ni mo jókòó sí l'Ébúté Mẹ́ta tí mo fi kọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè dé kó tó di aago kan, ẹ mú káàṣì díẹ̀ dání torí POS wọn máa ń yọnu lọ́sàn-án. Àǹtí tó ń bu gbẹ̀gìrì ti ń tọ́ ọ wò báyìí. Mo rí i lánàá, ó ta díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a, ó dúró díẹ̀, kó tó wá bù ú fún mi.